Tírélà Tí Kò Ní Bíréèkì

Ìjẹ̀bú-Òde,
4 Oṣù Kejì, 2025.

Rahmah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí búrẹ́dì gbígbẹ yẹn náà ni? Àwa wà níhìn-ín, a dúpẹ́.

Má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ. Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Jímọ̀, "hẹn, hẹn" lásán ni mò ń ṣe, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Etí mi ti ń lọ. Azeemah, ọmọ àbúrò mi tó ń bá mi gbé, ní òun yóò máa ya fọ́tò ìwé mi ránṣẹ́ sí ọ. Tìrẹ náà, òun yóò máa tẹ̀ ẹ́ jáde níbi iṣẹ́ òun kí n lè fi ojú ara mi kà á. Nítorí náà, má fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Kọ ọ́. Kí o sì kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara, n kò rán ọ lọ sí Leeds kí o lọ gbàgbé èdè.

Ọyẹ́ ọdún yìí le. Ìyá Waris tó wà lójúkojú wa kí ọ, ó ní o kò kí òun nígbà tí ọmọ òun gbéyàwó. Bá a sọ̀rọ̀, ó ń dùn ún.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ nìyí. Tírélà kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé, èyí tí píkọ́ọ̀pù wa máa ń fà nígbà tí mò ń ta pákó, mo fẹ́ kí ó jáde nílé yìí. Ọkùnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Ọlámidé ni wọ́n ń pè é, ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Ó ní òun fẹ́ yá a lò. Irin rẹ̀ ṣì le, wẹ́dà ti wò ó. Táyà rẹ̀ méjèèjì nìkan ló ti jẹrà. Mo gbọ́ pé níbi tí ẹ ti ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́dọ̀ yín, táyà tí ẹ bá yọ, ṣe ni ẹ máa ń dà á nù. Bá mi wá méjì tó ṣì dára, kí o fún ẹni tó bá ń kó ẹrù bọ̀ wálé.

Má bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń gbé e jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ti sú mi láti máa rí i, ni.

Èmi bàbá rẹ,
Rábíù Ọ̀nàfúwà.


Leeds,
11 Oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi,

Wa aláékúmù sàlámù. Ẹ kú ọyẹ́ o, sà. Mo rí ìwé yín gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pẹ́ tí mo ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín kẹ́yìn, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀ mí nípa etí yìí. Ọdún tó kọjá ni mo ti ní kí ẹ lọ rí dókítà, ẹ ní ẹ̀gbin ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Azeemah mú yín lọ. Màá pe Ìyá Waris lọ́jọ́ Àìkú.

Bàbá, nípa táyà. Kí n tó wá a, mo fẹ́ mọ nǹkan kan. Tírélà wo lẹ ń sọ? Ṣé èyí tí mo mọ̀ yẹn náà ni? Èyí tó já lórí òkè Ibefun?

Mi ò sọ fún yín pé láti oṣù Kẹwàá ni wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Inú ilé iṣẹ́ gan-an ni mo wà báyìí, tírélà ni mò ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kọ́ mi ní òfin rẹ̀. Tírélà tó bá ju kílò 750 lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kò gbọdọ̀ dé títì láìní bíréèkì ti ara rẹ̀. Bíréèkì ọkọ̀ tó ń fà á kò tó. Bí a bá já a sílẹ̀ lórí òkè, bíréèkì ìdúró rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá a dúró síbẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kan sì tún wà tí a ń so mọ́ ọkọ̀ iwájú. Bí ẹnu ìkọ́ bá ṣí lójú ọ̀nà, wáyà yẹn ló máa fa bíréèkì kí òun fúnra rẹ̀ tó já, kí tírélà má bàa sáré lọ bá ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀gá mi fi wáyà yẹn hàn mí, mo ní mo fẹ́ lọ sí ilé ìtọ̀, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Wáyà tí kò nípọn ju okùn aṣọ lọ, Bàbá.

Ẹ má sọ pé òfin òyìnbó ni. Nílé wa náà, òfin kò gba kí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dára máa rìn lójú títì. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti dá yín dúró rí. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ, sà: ṣé bíréèkì wà nínú tírélà yẹn?

Ọmọ yín,
Rahmah.


Ìjẹ̀bú-Òde,
20 Oṣù Kejì, 2025.

Rahmah,

Mo kí ọ. Ìyá Waris ní o pe òun, ó ṣeun.

Kí ni mo ní kí o bá mi wá? Táyà. Mo bẹ̀ ọ́ ní táyà, ìwé òfin ni o kọ ránṣẹ́. Kí n tó bí ọ ni mo ti ń fi ọkọ̀ kó pákó láti inú igbó dé Òde yìí. Ẹni tí kò tíì wakọ̀ kọjá Odogbolu rí ló wá ń kọ́ mi ní bíréèkì.

Ìwọ kọ́ ni o ń bá a gbé. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ, kí o lè mọ ìdí tí mo fi fẹ́ kí ó lọ. Láti ìgbà tí òjò ọdún tó kọjá ti parí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti kírun Àlàásárì tán, tí mo ṣì jókòó sórí ẹní, màá gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé: kàn-ún! Irin kan tó bọ́ lára irin. Lẹ́yìn náà, táyà tó ń yí lórí òkúta wẹ́wẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa yí, lẹ́yìn náà yóò yára. Etí yìí tí kò gbọ́ ìpè ìrun láti mọ́sálásí ẹnu ọ̀nà wa, ó ń gbọ́ ìyẹn. Mo bi Azeemah, ó ní òun kò gbọ́ ohunkóhun.

Mo fi òkúta méjì há táyà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, òkúta kan ti kúrò níbi tí mo fi í sí, ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Táyà tó ti jẹrà pátápátá, koríko ti so ó mọ́lẹ̀. Ta ló tì í? N kò sọ fún ẹnì kankan. Wọ́n á ní arúgbó ti ń ṣe ràdàràdà.

Jẹ́ kí ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Bí o kò bá rí táyà, sọ pé o kò rí i.

Bàbá rẹ.


Leeds,
27 Oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ààwẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká ṣe é láyọ̀. Ẹ má bínú sí mi, sà. Ẹ kò dáhùn ohun tí mo bi yín, èmi ni màá dá ara mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin àgbẹ̀ kan fa tírélà kan wá. Mo fi ẹ̀rọ wọn bíréèkì rẹ̀: òfo. Mo gbé e sókè, mo tú ìdérí bíréèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ jáde, ìpẹtà àti ilé aláǹtakùn ló kù. Ọ̀gá mi béèrè pé kí ni mò ń wò. Mi ò lè sọ fún un pé ẹ̀yin ni mò ń wò.

Mo rí yín lórí àpótí kékeré lẹ́yìnkùlé, àpò sìmẹ́ǹtì wà nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ yín, èmi ń mú sípánà dání. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Ẹ ń yọ irin inú táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ń jù ú sínú àpò náà. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ ń yọ?" Ẹ ní, "Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni. Bí a bá fẹ́ fi rìn sẹ́yìn, ṣe ló máa ń gbá táyà mú." Bùọ̀dá Mọ́rúfù tó ń wakọ̀ fún yín dúró tì wá. Ó ní, "Àlàájì, tí a bá ń gun òkè ńkọ́?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Mọ́tò tó ń fà á ní bíréèkì. Ìwọ ṣáà di sítíárì rẹ mú." Ẹ fi píláyà gé wáyà tín-ín-rín náà, ẹ ní wàhálà lásán ni.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí Bùọ̀dá Mọ́rúfù fi gbé mi láti iléèwé, pákó kún ẹ̀yìn. Ní àárín òkè Ibefun ni mo gbọ́ kàn-ún tí ẹ ń gbọ́ yẹn. Mo bojú wẹ̀yìn látinú gíláàsì. Tírélà ti kúrò lẹ́yìn wa, ó ń padà lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àǹtí Mọ́ṣádé, tó rán aṣọ iléèwé mi, dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, téépù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó ń kí wa ni, tàbí ó rí i tó ń bọ̀.

Ẹ ní ẹ ń gbọ́ ìró. Èmi, ojú mi ló ń rí i. Ní ọ̀sán gangan, láàárín ariwo irin, bí mo bá ti gbé tírélà kan sókè, obìnrin kan á dúró ní ìparí gbọ̀ngàn iṣẹ́ wa, téépù á wà lọ́rùn rẹ̀. Bí mo bá sún mọ́ ọn, kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan, èmi náà.

Kí a tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ní kí n sọ pé Bùọ̀dá Mọ́rúfù ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tó ń so tírélà, pé ó tún ń sọ̀rọ̀ nígbà tó ń gun òkè. Mo sọ ọ́. Ọmọdé kì í parọ́, ni wọ́n wí. Ọdún méjì ló fi ṣẹ̀wọ̀n.

Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní tírélà yẹn. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà gé e. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

Rahmah.


Leeds,
31 Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Ìtúnú. Ẹ kú ìyèdún. Mo retí ìwé yín ní gbogbo oṣù ààwẹ̀, mi ò rí i. Mo bi Azeemah. Ó ní òun tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ tó dé gan-an, pé ẹ kà á lórí ìdúró, ẹ tún jókòó kà á, ẹ ká a sínú àpò, ẹ sì jáde láìjẹun.

Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé tírélà ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Azeemah kò fẹ́ dáhùn ìyẹn. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí n bi yín.

Rahmah.


Ìjẹ̀bú-Òde,
8 Oṣù Kẹrin, 2025.

Rahmah,

Tírélà ti lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí á ṣọdún ni Ọlámidé wá, ó wá táyà fúnra rẹ̀, ó sì fà á jáde. Nígbà tó yọ ní géètì, mo mí kanlẹ̀.

Ìwé rẹ wọ̀ mí lára. N kò rò pé ọmọ tí mo bí lè jókòó kí ó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí Azeemah máa kà á. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ní kí o sọ ọ́. Kí ni o fẹ́ kí n ṣe nígbà náà? Ìyá rẹ wà lórí àìsàn tó padà gbà á lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Ta ni yóò rán ọ níléèwé tí o fi dé Leeds tí o fi ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan? Píkọ́ọ̀pù nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò, bíréèkì rẹ̀ dára. Kò sẹ́ni tó béèrè ti tírélà lọ́wọ́ mi. N kò parọ́ lórí ìyẹn, n kò ṣáà sọ ọ́.

Ẹni tó kú ti kú. Mọ́rúfù ti jáde, ó wà láàyè. Má kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo tún fẹ́ sọ. Mo rò pé bí ó bá lọ, yóò tán. Lánàá, lẹ́yìn Àlàásárì, mo tún gbọ́ ọ. Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ gbígbẹ ni mo bá, àti ojú ibi tí táyà rẹ̀ jókòó sí fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo dúró síbẹ̀, ó sì tún dún.

Bàbá rẹ.


Leeds,
9 Oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi,

Mi ò ní kí yín gùn. Ẹ dárí jì mí.

Ìyàwó Ọlámidé, àwọn ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀, ẹni tó ń ta ọsàn létí títì Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Ẹ̀yin àti èmi nìkan la mọ̀. Ẹ ní ẹni tó kú ti kú. Ẹni tí kò tíì kú ńkọ́, Bàbá?

Ẹ lọ gbà á padà. Bí mi ò bá gbọ́ pé ẹ ti gbà á títí di ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá kọ̀wé sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Màá kọ ohun tí ẹ yọ. Màá kọ ohun tí èmi náà sọ. Màá fọwọ́ sí i, màá fi nọ́ńbà fóònù mi sí i. Ẹ̀rù yín ń bà mí bí mo ti ń kọ èyí, bí ó ti ń bà mí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n màá ṣe é.

Mo ti sọ fún Azeemah kí ó gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, kí ó tẹ̀lé yín.

Rahmah.


Ìjẹ̀bú-Òde,
17 Oṣù Kẹrin, 2025.

Rahmah ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Jókòó kí o tó ka èyí, ó gùn.

Ìwé rẹ bà mí nínú jẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn Àsùbáà, mo pe Azeemah, mo ní kí ó múra. Takisí ló gbé wa dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. A bá Ọlámidé níbi tó ti fẹ́ gbéra. Wọ́n ti kó ẹ̀gẹ́ kún tírélà náà dé òkè, ó wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti dà wálẹ̀ sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń ta nǹkan. Awakọ̀ rẹ̀ ti ṣíná ọkọ̀.

Mo ní, "Ọlámidé, já ẹrù yìí sílẹ̀. Mo fẹ́ gba tírélà mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Azeemah ń pariwo rẹ̀ sí mi létí. Ó ní, "Àlàájì, kí ni mo ṣe? Ẹ̀gẹ́ yìí yóò bàjẹ́ bí kò bá dé lónìí."

"O kò ṣe nǹkan kan. Kò ní bíréèkì."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́tò tó ń fà á ní bíréèkì, Bàbá. Èwo ni ti tírélà?"

Rahmah, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Mọ́rúfù lọ́jọ́sí, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sọ ọ́, ó tún fi ẹ̀rín sí i. Mo lọ jókòó sórí irin gígùn tí wọ́n fi ń so tírélà mọ́ ọkọ̀. Mo wọ jàlàbíà funfun tí o fi ránṣẹ́, mo jókòó sínú gíríìsì. Mo ní, "Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ máa fà mí lọ."

Àwọn ènìyàn pé jọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ wọn, ẹnu wọn nìkan ni mò ń rí. Ó rọrùn fún mi bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Mo ní, "Tírélà yìí ló pa Mọ́ṣádé ní Ibefun. Èmi ni mo kó bíréèkì rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Mo dákẹ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n fi Mọ́rúfù sẹ́wọ̀n." Obìnrin kan tó gbé àtẹ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ wo ẹ̀yìn tírélà, ó gbé àtẹ rẹ̀, ó sì kọjá sí òdìkejì ọ̀nà. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó bú mi.

Ọlámidé pa ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé jáàkì wá tó tú ìdérí bíréèkì. Ó wo inú rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Àlàájì, lánàá ni mo gbé ìyàwó mi jókòó sórí ẹrù inú rẹ̀." Wọ́n já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, wẹ́dà wá, ó gé irin náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú mi. N kò kúrò níbẹ̀ títí tó fi gé ẹyọ tó kẹ́yìn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ọkùnrin kan fọwọ́ kan Azeemah, ó ní, "Mọ́rúfù wo ni bàbá yín ń wí? Ṣé Mọ́rúfù tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe?" Ilé rẹ̀ kò ju ojúlé mẹ́wàá lọ síbi tí a dúró sí. Ọdún mélòó ni mo ti ń sá fún un, n kò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń gbé.

Mọ́rúfù ti hewú. Ó dá mi mọ̀ kí n tó ṣí ẹnu, kò sì dìde. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo tó bàbá rẹ̀. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Azeemah ń tún un sọ sí mi létí, ó ń sunkún bó ti ń tún un sọ. Mọ́rúfù ní láti ọjọ́ náà, òun kò fọwọ́ kan sítíárì mọ́. Ó ní ìyá òun kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé fóònù ni òun fi pa ènìyàn. Ó ní, "Tiyín kò yà mí lẹ́nu, Àlàájì. Ara yín lẹ ń gbà sílẹ̀. Ọmọ yẹn ló dùn mí. Mo máa ń ra súwíìtì fún un. Ó sì mọ ibi tí fóònù mi wà."

Mo bi í pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní kí n lọ bi ọ́. Ó ní òun kò ní dárí jì mí lónìí, kí n máa lọ ilé.

Mo ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá wọn tó wà níbẹ̀ kéré sí ọ. Ó fún mi ní ìwé, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn yóò ránṣẹ́ pè mí, kí n má jìnnà sílé. Lọ́jọ́ Sátidé a ó lọ sí Ibefun. Adébùsọ́lá, ọmọ Mọ́ṣádé, ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ báyìí. N kò mọ bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Rahmah, kí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ fóònù yẹn? N kò bi ọ́ pẹ̀lú ìbínú.

Bàbá rẹ,
Rábíù.


Leeds,
25 Oṣù Kẹrin, 2025.

Bùọ̀dá Mọ́rúfù,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Rahmah Ọ̀nàfúwà ni. Azeemah ló máa fi ìwé yìí lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ kà á, mo ti ní kí ó dúró, kí ó kà á sókè níwájú ìyàwó yín àti àwọn ọmọ yín, bí ẹ bá gbà fún un. Àwọn ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ jù.

Ọ̀dọ̀ mi ni fóònù yín wà. Ọwọ́ mi ló wà láti ẹnu ọ̀nà iléèwé. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n ṣe eré ejò tó wà nínú rẹ̀, ẹ fún mi. Ejò mi ti gùn lọ́jọ́ yẹn, mo ń borí. Nígbà tí a dé ìdí òkè, mo na fóònù náà sí yín, mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ wo iye tí mo ní." Ẹ kò wò ó. Ẹ ní, "Fi í sílẹ̀ ná, Rahmah, mò ń gun òkè." Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn nìyẹn kí tírélà tó já. Ojú yín wà lójú ọ̀nà. Ọwọ́ yín méjèèjì wà lórí sítíárì.

Nígbà tí ẹ sáré bọ́ sílẹ̀ lọ bá Àǹtí Mọ́ṣádé, mo fi fóònù náà pamọ́ sínú àpò ìwé mi, nítorí mo rò pé èmi ni mo fà á. Mo rò pé nítorí pé mo ṣeré nínú ọkọ̀ ni. Nígbà tí Bàbá wá ní kí n sọ pé ẹ̀yin lẹ ń lo fóònù, ṣe ni ara tù mí. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyẹn. Bàbá kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà. Mo fún un lọ́jọ́ kejì, mo ní abẹ́ ìjókòó yín ni mo ti rí i, ó sì gbé e lọ fún àwọn ọlọ́pàá. Bàbá parọ́ láti gba ara rẹ̀ là. Èmi parọ́ láti gba ara mi là, mo sì jẹ́ kí ó rò pé torí òun ni.

Ní ilé ẹjọ́, ẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ lè sọ pé, "Ẹ bi ọmọ yìí, òun ló mú fóònù mi dání." Ẹ kò sọ ọ́. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ara mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí pé kí ló dé tí ẹ kò fi sọ ọ́, mo sì mọ̀. Ọmọdé ni mí, ẹ kò fẹ́ kí wọ́n bi mí ní nǹkan tó lè bà mí lẹ́rù.

Mo ti kọ èyí sí ìwé mìíràn níwájú agbẹjọ́rò kan níhìn-ín, Azeemah yóò mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí Bàbá lọ. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ni màá balẹ̀ sí Èkó. Mi ò ní kọ́kọ́ yà sí ilé wa. Láti pápákọ̀ òfurufú, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni mò ń bọ̀ tààrà. Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ẹ má ṣílẹ̀kùn. Màá dúró níta ní ojú ọ̀sán, màá sọ ọ́ kí gbogbo àdúgbò yín gbọ́.

Rahmah.